Ajé gúnlẹ̀, àrùn gúnlẹ̀, irọ́ náà gúnlẹ̀: ohun tí ìtàn kọ́ àwa ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó tẹ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀.

Kí ló fà á? Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ohùn kan wọ gúrúùpù WhatsApp ìjọ wa. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sunkún. Ó ní àrùn tuntun kan ti gba wharf wọlé, pé ìjọba mọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó dárúkọ ohun kan tí kí kálukú mu kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀ (a ò ní í tún un dá níbí), ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀ dé ọsibítù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mọ́kànlá ti fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí wa. Méjì nínú wọn, díákónì ni wọ́n. Nínú àwọn mọ́kànlá yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ obìnrin tó ń sunkún yẹn. A pe àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ. Kò sí àrùn kankan níbì kankan.

Ẹnikẹ́ni ò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ àwa ò rí oorun sùn, torí pé a ti rí irú eléyìí rí, a sì ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rí. A máa dé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn.

ÌLÚ ETÍ OMI NI WÁ

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa. Ajé gúnlẹ̀. Ibi tí ọrọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ní 1926 ni wọ́n parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè sún mọ́ ní Àpápá. Ní 1977 wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island. Iṣẹ́ wharf yìí ló kó Ìjọ, Urhobo, Ìgbò, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Haúsá àti àwa Yorùbá jọ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan láti Ọ̀lọ́dì títí dé Tolú àti Amùkókò. Òun náà ló jẹ́ kí àdúrà ìjọ wa máa jáde ní èdè mẹ́fà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ajé ń gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni àrùn ń gbà. Ọkọ̀ ò mọ ìyàtọ̀ àpò ìrẹsì sí àìsàn. Tí àrùn bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, irọ́ máa ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Kì í pẹ́ rárá.

ṢỌ̀PỌ̀NÁ ÀTI DÓKÍTÀ SÁPÁRÀ

Ká tó dé orí ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láyé àwọn bàbá wa, ṣọ̀pọ̀ná ni ẹ̀rù tó ga jù. Wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ ló gbóná. Ẹni tó bá pa, àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń sin ín, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù olóògbé lọ. Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní 1861, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà yẹn. Ó fura. Ó wọ inú ẹgbẹ́ awo náà, ó ṣe bí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n ń fi í tan àrùn náà kálẹ̀. Lẹ́yìn tó tú àṣírí yìí, ìjọba fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní 1917.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn o: tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé àrùn kan kò ṣeé wádìí, kò ṣeé bèèrè, ẹ wo ẹni tó ń kó ẹrù.

Kí ló wá pa ṣọ̀pọ̀ná fúnra rẹ̀? Bùpá ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ wo apá yín, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò sì mọ̀ pé orílẹ̀-èdè wa yìí ni wọ́n ti rí ọgbọ́n tó fi kúrò láyé. Ní òpin 1966, ní agbègbè Ògójà, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Foege àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i pé abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè kárí. Wọ́n wá wá ibi tí aláìsàn wà gan-an, wọ́n sì bu apá àwọn tó yí i ká. Àrùn náà kò rí ibi lọ. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n gbé kiri àgbáyé, ní 1980 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán. Ẹni tó ti kú, ẹnì kan ò tún gbọ́dọ̀ wá fi dẹ́rù bà wá.

ỌDÚN 1918

Ní oṣù September 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ, àwọn ọkọ̀ láti etíkun Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana lónìí, gbé àrùn influenza wọ èbúté Èkó. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bida wà lára wọn. Àwọn àgbà kan pe àìsàn yìí ní lùkúlùkú, orúkọ àrùn tó máa ń pa adìyẹ, torí bí adìyẹ ṣe ń kú lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni èèyàn ń kú. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìṣirò tí wọ́n ṣe ni pé bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló bá a lọ. Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó tó mílíọ̀nù 50.

Kí ni ìjọba amúnisìn ṣe ní Èkó? Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n ń fín oògùn sí ilé. Lórí ìwé, ètò tó dára ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́kọ́ jókòó bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé wọn. Ohun tí àwọn èèyàn rí ni aṣọ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà wọ́n. Àwọn kan gbé aláìsàn wọn pamọ́. Àwọn mìíràn di ẹrù, wọ́n sá lọ sí òkè, wọ́n sì gbé àrùn náà dání. Rélùwéè tó ń kó kòkó àti ẹ̀pà wá sí Èkó ló bá wọn gbé e padà lọ sí inú ilẹ̀.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹ lánàá, tó wá kan ìlẹ̀kùn lónìí pé òun fẹ́ wò ọ́ sàn, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́ kíá?

Nínú ọdún yẹn náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ tó kan àwa onígbàgbọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ St Saviour's ti àwọn Áńgílíkà, àwọn kan kóra jọ láti máa gbàdúrà. Bàbá Joseph Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, àti Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ ilé ìwé, wà lára wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n lo omi, wọ́n kọ oògùn gbogbo sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń jẹ́. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Láti ara wọn àti ìsọjí ńlá ti 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni ìjọ Christ Apostolic Church ti jáde. Púpọ̀ nínú àwa tá à ń pe ara wa ní Pẹ́ńtíkọ́sì lónìí, omi odò yẹn la ń mu, a mọ̀ ọ́n ni o, a ò mọ̀ ọ́n ni o.

Ibí ni ká ti fara balẹ̀. Àwọn kan máa ń mú ìtàn yìí wá ní gbogbo ìgbà tí àrùn bá dé. "Pásítọ̀, ṣebí àwọn bàbá wa ò lo oògùn ní 1918, àbí wọ́n kú?" Ẹ jẹ́ ká dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní 1918, kò sí oògùn influenza. Kò sí lọ́wọ́ òyìnbó, kò sí lọ́wọ́ babaláwo, kò sí lọ́wọ́ dókítà Èkó. Kòkòrò tó ń fà á gan-an, ní 1933 ni wọ́n tó rí i mú lára èèyàn. Ọsibítù ò ní nǹkan kan tó lè fún aláìsàn ju ibùsùn lọ. Ẹni tó lọ gbàdúrà tó sì ń mu omi kò sọ oògùn kankan nù, torí kò sí èyí tó máa sọ nù. Igbàgbọ́ wọn jẹ́ òtítọ́, Ọlọ́run sì dá wọn lóhùn. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ọdún 1918 wá sí ọdún tiwa, tó ní kí aláìsàn tó ní oògùn lọ́wọ́ jù ú nù, kò tẹ̀lé àwọn bàbá. Ó ń fi àwọn bàbá bo irọ́ mọ́lẹ̀ ni.

Kódà láàárín àwọn bàbá náà, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ kínínì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ti Apostolic Church, tí kálukú fi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ ní nǹkan bí 1940. Àwọn òyìnbó ń lo kínínì fún ibà, àwọn tiwa ní kò yẹ onígbàgbọ́. Àríyànjiyàn tó le báyìí láàárín àwọn ẹni mímọ́, ẹnì kan ò lè fi ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp parí rẹ̀.

Lẹ́yìn influenza, kò tó ọdún mẹ́wàá, àrùn tí eku ń gbé kiri tún wọ Èkó ní 1924, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 tó ń wó ilé ní Èkó láti tún ìlú ṣe. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ò gbàgbé. Báyìí ni àìfọkàntán ṣe ń wọ ara èèyàn: ìjọba ń pa eku, ilé ni àwọn èèyàn rí tó ń wó.

ÌDÍ TÍ IRỌ́ FI RÍ ILÉ GBÉ

Ẹ ò ní í gbọ́ lẹ́nu wa pé òmùgọ̀ ni ẹni tó gba irọ́ gbọ́. Irọ́ kì í hù lórí àpáta, inú ilẹ̀ tó rọ̀ ló ti ń hù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pé wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí bó ti yẹ. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba Kánò láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Òtítọ́ ni èyí.

Nígbà tó wá di 2003, tí ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ ní Kánò àti agbègbè rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ àti oògùn pólíò ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Wọ́n dá oògùn náà dúró fún oṣù púpọ̀. Pólíò gbèrú padà, ó sì tàn láti Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọjọ́ 25 oṣù August 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ pólíò. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ láàárín ìgbà yẹn ti di àgbà báyìí. A máa ń rí irú wọn lábẹ́ afárá, lórí pátákó onítáyà.

Ẹ rí bó ṣe rí? Òtítọ́ kan tó burú ló gbé irọ́ púpọ̀ ró. Ẹ̀tàn ẹyọ kan lọ́wọ́ aláṣẹ, ọmọ tálákà ló san án.

IYỌ̀ ÀTI EBOLA

Ní ọjọ́ 20 oṣù July 2014, ọkùnrin ará Liberia kan, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, ara rẹ̀ ò yá. Wọ́n gbé e lọ sí First Consultants ní Ọbáléndé. Dókítà Améyọ̀ Stella Adádévòh rí i pé ó jọ Ebola. Wọ́n fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù August, Ebola yẹn náà ló pa dókítà yìí. Ká ní ó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jáde sí ojú pópó Èkó ni, a ò bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lónìí.

Nígbà tí àwọn kan ń kú kí àwa lè yè, kí ni àwa tó wà nílé ń ṣe? Àwa ń pe ara wa ní aago méjì òru. Ẹ rántí. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù August ni. "Ẹ dìde, ẹ fi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu omi iyọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́!" Kò sí ilé tí kò gbọ́ ọ. Àwọn kan sì ń jẹ orógbó bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kejì, ariwo dé láti Jos pé èèyàn méjì ti kú lórí omi iyọ̀, àwọn mìíràn sì wà ní ọsibítù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ nínú oṣù yẹn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ebola fúnra rẹ̀ kò dé Jos rárá. Irọ́ ló dé ibi tí àrùn ò dé, irọ́ ló sì pa èèyàn níbẹ̀.

Kí ló wá lé Ebola lọ? Ẹsẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tọpa nǹkan bí 900 èèyàn tó ti fara kan aláìsàn, ní Èkó àti Port Harcourt. Wọ́n ń lọ sí ilé wọn, wọ́n ń yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná, wọ́n lọ títí iye ìgbà tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn fi tó 18,500. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù October 2014, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Gbogbo ayé yà lẹ́nu. Ẹ fi wé 1918: nígbà yẹn náà wọ́n kan ìlẹ̀kùn, àwọn èèyàn sá. Ní 2014, àwọn ọmọ wa ló ń kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ń kí ìyá onílé, wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́, àwọn èèyàn sì ṣí i.

2020, ÀTI Ẹ̀ṢẸ̀ TIWA

Ọjọ́ 27 oṣù February 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì tó gba Èkó wọlé. Nínú oṣù March, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, Donald Trump, yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ rárá, chloroquine ti wọ́n ní Èkó, àwọn kan sì ti gbé e mì kọjá ìwọ̀n, wọ́n di ẹni ọsibítù. Àjọ NCDC ní láti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe oògùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ 5G ló ń fa àrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, àgbo Madagascar ló ń wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ò lè kó o. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí i rárá.

Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù March. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní ká jìnnà síra wa, nínú ilé tí yàrá ogún ti ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Wọ́n ní ká máa fọ ọwọ́ lóòrèkóòrè, omi tí a ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Wọ́n ní ká jókòó sílé, ṣùgbọ́n wharf wa ò tì, tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀. Òfin tí ẹ̀dá ò lè pa mọ́, etí ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún á máa gbọ́ ọ bí irọ́. Nígbà tó di oṣù October, tí àwọn èèyàn já wọ ilé ìkóùnjẹ́sí ní Mazamaza, níbi tí kò jìnnà sí wa, tí wọ́n rí oúnjẹ ìrànwọ́ tó kún inú rẹ̀, ìjọba ní àwọn ṣì ń pín in ni. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ẹni tó ti ń sọ pé "wọ́n ń fi Kòrónà jẹun ni" ti rí ẹ̀rí tirẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, èèyàn tó ju 3,000 lọ ni ìjọba kà pé Kòrónà pa ní Nàìjíríà. A sin lára wọn.

Ó wá ku tiwa. Nínú oṣù April yẹn, ìjọ ti tì, ọwọ́ wa dilẹ̀, fóònù ló kù. Ojoojúmọ́ là ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ: àdúrà, ìwàásù, àti "ìmọ̀ràn ìlera". Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń jẹ́ kí Kòrónà tètè mú èèyàn. Ẹnì kan tá a bọ̀wọ̀ fún ló fi ránṣẹ́ sí wa. A ò bi í léèrè. Àwa fi "Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin àyànfẹ́" sókè rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa, ẹja ló ń tà ní ọjà Boundary. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá yìí ka ohun tá a fi ránṣẹ́, ó sì kó oògùn rẹ̀ sínú àpótí. Nínú oṣù May, rọpárọsẹ̀ dá a gúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè gé ẹja. Nígbà tá a lọ kí i, tá a bèèrè pé kí ló dé tó fi dá oògùn dúró, ó wò wá. Kò bínú. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

A kúnlẹ̀ níbẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì wá. Òun ló tún ní ká máa sọ ọ́, kí ẹlòmíì lè gbọ́. Ọdún mélòó kan la fi ń sá fún kíkọ ọ́ síbí. A kọ ọ́ lónìí torí ohùn Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọwọ́ ìyá yẹn ni ẹyin tiwa.

OMÍYALÉ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé ìròyìn ti pọ̀ jù, òótọ́ àti irọ́ ti dà pọ̀ débi pé èèyàn ò mọ èyí tó máa mú. Àwa ará Ajégúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣàlàyé èyí fún wa. Ṣebí a mọ omíyalé. Tí òjò bá rọ̀ ní July, omi á wọ yàrá, á gbé bùkẹ́ẹ̀tì, á gbé bàtà ọmọ. Omi á yí wa ká títí dé orúnkún. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an là ń ra omi mímu. Omi pọ̀, kò ṣeé mu. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn rí. Ohun tó ń pa wá kọ́ ni àìgbọ́. Ohun tó ń pa wá ni gbígbọ́ ohun gbogbo láìsẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó máa bu omíyalé fún ọmọ rẹ̀ mu. Kí ló dé tá à ń bu irú rẹ̀ sínú fóònù ìyá wa?

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ yín ti rẹ̀ ẹ́." Rárá o. Ẹ ṣí Bíbélì yín. Ẹ lọ sí Léfítíkù orí 13, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ní kí àlùfáà wo àmì ara aláìsàn, kó yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje, kó tún padà wá wò ó. Àlùfáà ò gbọ́dọ̀ méfò. Ẹ wo Hẹsekáyà: Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún un, síbẹ̀ wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú egbò. Dókítà ni Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn. Àwọn ará Bèríà ńkọ́? Àpọ́sítélì ló wàásù fún wọn, síbẹ̀ wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé Mímọ́ ò bá wọn wí, ó yìn wọ́n ni. Tó bá tọ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò, ta ni àwa tí ẹ ò ní í yẹ tiwa wò?

OHUN TÁ A TI ṢE NÍNÚ ÌJỌ WA

Èkínní, láti òní lọ, ọ̀rọ̀ ìlera kankan ò ní í jáde láti ọ̀dọ̀ wa àyàfi tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì méjì nínú ìjọ bá ti kà á. Tí ẹ bá rí èyí tí kò ní orúkọ wọn, kódà kó jẹ́ ojú wa ló wà níbẹ̀, ẹ má gbà á.

Èkejì, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí ẹlòmíì, ẹ bèèrè: Ta ló sọ ọ́, kí ni orúkọ rẹ̀? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o mọ̀ ọ́n? Tí ìdáhùn ò bá sí, jẹ́ kó kú sí ọwọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹta, ohunkóhun tó bá ní kí ẹ má lọ sí ọsibítù, tàbí kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ dúró, tàbí pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ mọ̀ pé àmì irọ́ nìyẹn. Ẹ rántí iyọ̀. Nọ́ńbà NCDC tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ ìyá wa máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe fún ìwàásù nìkan, láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn. Irọ́ ń gun íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló máa ń yá jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, ojú ló fi ń rí ojú, a sì lè bi í léèrè. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ló máa ṣáájú wọn. Òun ló bèèrè fún un.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kí òtítọ́ má bàa bá a lórí òkú èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́.

Baba wa, a dúpẹ́ fún àwọn tó kú kí á lè yè. Dárí jì wá fún ohun tá a tẹ̀ jáde láìmọ̀. Wo ìyá wa sàn, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ṣọ́ ẹnu wa, ṣọ́ ìka wa. Kí ajé máa gúnlẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, kí àrùn má ríbi gúnlẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Tí ẹ bá fẹ́ fi eléyìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ó dára, àmọ́ ẹ kà á tán ná. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gé orúkọ wa àti ọjọ́ tá a kọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mọ ẹni tó máa bi.